Láti Inú Àìsí: Ohun tí Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Àkọ́kọ́ Kọ́ Lọ́dọ̀ Àwọn Yahúdí Nípa Ìṣẹ̀dá Ayé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá sánmà àti ilẹ̀ láìní olùrànlọ́wọ́. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, àwa tí a ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ òkèèrè mọ̀ pé ìbéèrè ọmọ kì í tán. Inú kíláàsì kan náà ni ọmọ Mùsùlùmí, ọmọ Kìrìsìtẹ́nì àti ọmọ Yahúdí ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ pé Ọlọ́hun kan ṣoṣo ló dá ayé, ìbéèrè tí ń tẹ̀ lé e ni pé: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ta ló sì gbọ́ ọ lẹ́nu ta? Àwọn kan nínú wa a máa dá ọmọ lóhùn pé kò sí òtítọ́ kankan lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣáájú wa. Àwọn mìíràn a dákẹ́, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí a bá tú ìtàn náà palẹ̀, ẹ̀sìn yóò dà bí aṣọ tí a yá wọ̀. Ní tiwa, a gbà pé ìdáhùn méjèèjì kò tó. Ìtàn náà ṣe é sọ, ó sì ní èrè fún ìgbàgbọ́ wa. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀kọ́ pé Ọlọ́hun dá ayé láti inú àìsí kò dé ọwọ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀dọ̀ àwọn Yahúdí ni wọ́n ti gba irúgbìn rẹ̀. Àríyànjiyàn lórí jíjẹ́ ọ̀kan Ọlọ́hun ló sì mú un hù.

Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ méje

Ní nǹkan bí ọdún 167 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, Antiochus Kẹrin, ọba Gíríìkì tí ó ń ṣàkóso Síríà àti Palẹ́sìtínì, fi òfin de ẹ̀sìn àwọn Yahúdí. Ó ní kí wọ́n má dábẹ́ fún ọmọ wọn mọ́, kí wọ́n má sì pa ọjọ́ Sábáàtì mọ́. Ó sọ ilé ìjọsìn wọn ní Jerúsálẹ́mù di ojúbọ òrìṣà àwọn Gíríìkì. Ìwé kan tí àwọn Yahúdí fi èdè Gíríìkì kọ, tí a ń pè ní Màkábéè Kejì, sọ ìtàn ìyá kan tí wọ́n mú ní àkókò náà pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ méje. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n kọ̀. Ojú ìyá ni wọ́n ṣe pa ọmọ mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìyà tí etí kò fẹ́ gbọ́. Nígbà tí ó ku àbíkẹ́yìn, ọba ní kí ìyá bá a sọ̀rọ̀, kí ó lè gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là.

Ìyá tẹ̀ ba sí ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì fi èdè àwọn bàbá wọn bá a sọ̀rọ̀. Ó rọ̀ ọ́ pé kí ó wo sánmà àti ilẹ̀ àti gbogbo ohun tí ń bẹ nínú wọn, kí ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni Ọlọ́hun fi dá wọn, àti pé bákan náà ni ìran ènìyàn ṣe wáyé. Nítorí náà, kí ó má ṣe bẹ̀rù apani, kí òun lè rí i gbà padà pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú àánú Ọlọ́hun.

Ẹ kíyè sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kò jáde láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn amòye. Ẹnu ìyá tí òkú ọmọ rẹ̀ sùn sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ni ó ti jáde. Ohun tí ó fẹ́ fi yé ọmọ náà rọrùn: Ẹni tí Ó mú wa wá nígbà tí a kò sí kò ní ṣàìlè mú wa padà nígbà tí a bá ti kú. Láti ìgbà náà ni ìgbàgbọ́ nínú ìṣẹ̀dá àti ìgbàgbọ́ nínú àjíǹde ti ń rìn pọ̀ bí ìbejì. Pọ́ọ̀lù, Yahúdí tí ó di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́, so méjèèjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ nínú lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn ará Róòmù láàárín ọdún 50 sí 60, níbi tí ó ti ń sọ̀rọ̀ lórí ìgbàgbọ́ Ànábì Ibrahima. Ọba tí ń jí òkú, ni ó sọ, ni Ọba kan náà tí ń pe ohun tí kò sí, tí ó sì ń wà.

Ìwé Mùsá ní èdè Gíríìkì

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò tíì di ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn gbà. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, àwọn Yahúdí ti pọ̀ ní Alẹkisáńdríà ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ará ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n bíi tiwa, àwọn ọmọ wọn kò sì gbọ́ èdè Hébérù dáadáa mọ́. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe túmọ̀ Tàórátà sí èdè Gíríìkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, níbi tí èdè Hébérù ti sọ pé ilẹ̀ wà ní júujùu, ní òfìfo, àwọn atúmọ̀ lo ọ̀rọ̀ méjì tí ó túmọ̀ sí pé a kò rí i, a kò sì tíì tò ó.

Ẹni tí ó bá ti ka Plato yóò rò pé òun mọ ohun tí èyí ń sọ. Plato, amòye Gíríìkì tí ó kú ní nǹkan bí ọdún 347 ṣáájú ìbí Ànábì Ísá, ti kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ Timaeus pé oníṣẹ́ ọnà kan, tí ó jẹ́ ẹni rere, ló bá ohun gbogbo nínú ìdàrúdàpọ̀, tí ó sì tò ó di ayé tí ó lẹ́wà. Oníṣẹ́ ọnà náà tò ó. Kì í ṣe òun ló mú èròjà rẹ̀ wá. Àwọn Yahúdí kan náà gba irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé Ọgbọ́n Sólómọ́nì, tí Yahúdí kan fi èdè Gíríìkì kọ, sọ pé èròjà tí kò ní ìrísí ni ọwọ́ Ọlọ́hun fi dá ayé. Èyí fi hàn pé ohùn àwọn Yahúdí ìgbàanì kò ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn náà.

Ẹni tí ó gbìyànjú jù lọ láti mú Mùsá àti Plato bára jókòó ni Philo ti Alẹkisáńdríà. Yahúdí ni, ọlọ́lá ni, òun ló sì ṣáájú àwọn tí Yahúdí ìlú rẹ̀ rán lọ bá ọba Gaius ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 40, nígbà tí àwọn ará ìlú ń fìyà jẹ wọ́n. Nínú ìwé tí ó kọ lórí ìṣẹ̀dá ayé, ó ní Ọlọ́hun kò nílò ọjọ́ mẹ́fà láti ṣiṣẹ́. Mẹ́fà náà wà kí a lè mọ̀ pé ètò wà nínú iṣẹ́ Rẹ̀. Ó tún mú àpèjúwe ayàwòrán ilé wá: bí ẹni tí yóò kọ́ ìlú ṣe ń kọ́kọ́ tẹ àwòrán ìlú náà sínú ọkàn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ayé wà nínú Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kí ayé tó wà. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn Gíríìkì ń pè ní Logos.

Ọgbọ́n àti Ọ̀rọ̀

Yahúdí ni àwọn Kìrìsìtẹ́nì àkọ́kọ́, ìwé tí wọ́n sì ń kà kò ju Ìwé Mímọ́ àwọn Yahúdí lọ. Nígbà tí ìgbàgbọ́ wọn dé àárín àwọn tí ń sọ èdè Gíríìkì, ìtumọ̀ Alẹkisáńdríà ni wọ́n gbé dání. Nínú ìwé Òwe, wọ́n rí Ọgbọ́n tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, tí ó ní òun wà pẹ̀lú Ọlọ́hun kí òkè tó fìdí múlẹ̀. Àwọn olùkọ́ Yahúdí ti ń sọ ohun púpọ̀ nípa Ọgbọ́n yìí. Àwọn kan ní òun ni Tàórátà fúnra rẹ̀. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì gbé ohun tí a ń sọ nípa Ọgbọ́n àti Ọ̀rọ̀, wọ́n sì fi sọ Ànábì Ísá. Ìwé Jòhánù bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan náà tí Tàórátà ní èdè Gíríìkì fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ń kà á lè mọ̀ pé ìtàn ìṣẹ̀dá ni a tún ń sọ. Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín láàárín àwọn àti àwọn Yahúdí. Ó sì pín láàárín àwọn àti àwa náà, nítorí àdìsọ́kàn wa ni pé Ísá ọmọ Mọriyamọ jẹ́ ẹrú Ọlọ́hun àti òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ohun ìyanu kan wà nínú ìtàn Philo. Kì í ṣe àwọn Yahúdí ló tọ́jú ìwé rẹ̀ títí ó fi dé ọwọ́ àwọn ènìyàn òde òní. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni. Clement ti Alẹkisáńdríà lò ó, Origen lò ó, ilé ìkówèépamọ́ tí Origen fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Kesaríà ní Palẹ́sìtínì sì wà lára ibi tí àwọn ìwé náà gbà là. Ọmọ ẹlòmíràn ló bá bàbá tọ́jú ogún rẹ̀.

Ẹni tí kò ní orogún

Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kò rí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ Plato. Justin, ọmọ ìlú tí a ń pè ní Nablus lónìí, tí wọ́n pa ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 165 nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, kọ ọ́ láìfòyà pé èròjà tí kò ní ìrísí ni Ọlọ́hun fi dá ayé. Ó tilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ Mùsá ni Plato ti kọ́ ọ.

Wàhálà dé láti ibòmíràn. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Marcion bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Róòmù pé Ọlọ́run méjì ló wà. Ó ní èyí tí ó dá ayé, tí ó sì bá Mùsá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Bàbá aláàánú tí Ísá wàásù rẹ̀. Ó kọ gbogbo ìwé àwọn Yahúdí sílẹ̀. Ìjọ Róòmù lé e jáde ní nǹkan bí ọdún 144, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàn ká. Àwọn mìíràn náà ń wàásù pé ayé tí a ń fojú rí yìí jẹ́ àṣìṣe, pé ẹ̀dá kan tí kò mọ Ọba òkè ló dá a.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú ewu. Bí ẹni tí ó dá ayé bá yàtọ̀ sí Ọlọ́hun rere, ara wa kò ní iyì, àjíǹde kò nítumọ̀, ìyá tí ó bá àbíkẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ sì tan ọmọ jẹ. Àwọn olórí Kìrìsìtẹ́nì tí ó dìde sí ọ̀ràn yìí kò rí ohun ìjà mìíràn ju ìwé àwọn Yahúdí tí Marcion sọ nù. Hermas, tí ó kọ̀wé ní Róòmù ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, fi í ṣe òfin àkọ́kọ́ pé kí ènìyàn gbà pé Ọlọ́hun jẹ́ ọ̀kan, àti pé Òun ló mú ohun gbogbo wá láti inú àìsí sí wíwà. Jíjẹ́ ọ̀kan àti ìṣẹ̀dá: gbólóhùn kan náà ni ó kó méjèèjì sí.

Ní nǹkan bí ọdún 180, Theophilus, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, fi àlàyé kún un nínú ìwé tí ó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Autolycus. Bí èròjà bá wà láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dá a, ni ó wí, a jẹ́ pé ó bá Ọlọ́hun dọ́gba. Kí sì ni ìyanu tí ó wà nínú kí Ọlọ́hun fi èròjà dá ayé? Amọ̀kòkò a máa fi amọ̀ mọ ìkòkò, alágbẹ̀dẹ a sì máa fi irin rọ ọkọ́. Agbára Ọlọ́hun hàn nínú pé Ó ń ṣe ohun tí Ó bá fẹ́ láti inú àìsí. Ní ìgbà kan náà, Irenaeus ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Faransé lónìí, sọ ohun tí ó jọ ọ́: ènìyàn kò lè ṣe nǹkan láìsí èròjà, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun ló pe èròjà iṣẹ́ Rẹ̀ fúnra rẹ̀ wá sí wíwà.

Ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Hermogenes kò gbà. Ó ní bí Ọlọ́hun rere bá dá ohun gbogbo láti inú àìsí, níbo ni aburú ti wá? Nítorí náà, èròjà kan gbọ́dọ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlọ́hun láti ayérayé, èyí tí aburú ti jáde. Tertullian ti Carthage, ní àríwá Áfíríkà, kọ odidi ìwé láti dá a lóhùn pé ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi Ọlọ́run kejì ti Ọlọ́hun lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwa Mùsùlùmí mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Orogún ni Tertullian ń lé jáde.

Ẹni tí ó wà lóde pàápàá rí i pé ọ̀dọ̀ Mùsá ni ẹ̀kọ́ yìí ti ṣẹ̀. Galen, oníṣègùn Gíríìkì tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí mọ̀ sí Jālīnūs, kọ ọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì pé ohun tí ó ya Mùsá sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ Plato ni pé, lójú Mùsá, kí Ọlọ́hun ṣáà ti fẹ́ ẹ ti tó. Bí Ó bá fẹ́ fi eérú dá ẹṣin tàbí màlúù, yóò rí bẹ́ẹ̀. Galen fúnra rẹ̀ kò gbà. Lójú tirẹ̀, àwọn ohun kan wà tí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá.

Nínú ilé àwọn Yahúdí fúnra wọn

Àwọn olùkọ́ Yahúdí kò jókòó tẹtẹrẹ nígbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ń jà. Míṣínà, ìwé òfin tí wọ́n ṣà jọ ní nǹkan bí ọdún 200, kìlọ̀ pé kí olùkọ́ má ṣe tú ìtàn ìṣẹ̀dá palẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, ó sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́. Genesis Rabbah, ìwé àlàyé tí a kó jọ ní Palẹ́sìtínì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, sọ pé amòye kan wá bá Rábì Gamaliel, ó ní oníṣẹ́ ọnà ńlá ni Ọlọ́hun yín, ṣùgbọ́n Ó rí àwọ̀ dáradára lò: òfìfo, òkùnkùn, omi, ẹ̀fúùfù àti ibú. Inú bí Rábì náà. Ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi Ìwé Mímọ́ hàn án pé Ọlọ́hun ló dá gbogbo wọn.

Ìwé kan náà béèrè ọjọ́ tí Ọlọ́hun dá àwọn mọ̀láíkà. Àwọn kan ní ọjọ́ kejì, àwọn kan ní ọjọ́ karùn-ún. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn panu pọ̀ pé kì í ṣe ọjọ́ kìn-ín-ní, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé Míkáílù ló na sánmà ní gúúsù, tí Jíbúrílù nà án ní àríwá, tí Ọlọ́hun sì dúró láàárín. Ẹni tí ó bá ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ Táọ́hídì yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ó bá ka èyí.

Bí omi náà ṣe ṣàn dé ọ̀dọ̀ wa

Nígbà tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti gbà tán pé ohun gbogbo pín sí méjì péré, Ẹlẹ́dàá àti ẹ̀dá tí Ó mú jáde láti inú àìsí, ìbéèrè kan kò lè ṣàìjáde: apá wo ni Ọ̀rọ̀ náà wà? Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdríà, tọ́ka sí ìwé Òwe, níbi tí Ọgbọ́n ti sọ ní èdè Gíríìkì pé Ọlọ́hun dá òun. Ó ní Ọmọ jẹ́ ẹ̀dá, láti inú àìsí ni ó sì ti wá. Ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní ọdún 325 dá a lẹ́bi, wọ́n sì fi ẹni tí ó bá sọ pé Ọmọ ti inú àìsí wá gégùn-ún. Ọ̀rọ̀ tí a fi lé orogún jáde ló tún di ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń jà láàárín ara wọn.

Ẹ̀kọ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 529, John Philoponus, Kìrìsìtẹ́nì kan ní Alẹkisáńdríà, kọ̀wé tako àwọn amòye tí ó ní ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀. Al-Kindi, tí ó ṣiṣẹ́ ní Bàgídáádì ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹsàn-án, lo irú ẹ̀rí tí Philoponus lò láti fi hàn pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀. Imam Al-Ghazali fi ọ̀ràn kan náà ṣíwájú nínú Tahāfut al-Falāsifa ní ọdún 1095. Nígbà tí Musa ibn Maymun, ọ̀mọ̀wé Yahúdí tí ó ń gbé ní Íjíbítì, fẹ́ ṣàlàyé ìṣẹ̀dá fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, èdè Lárúbáwá ni ó fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí sì wà níwájú rẹ̀. Irúgbìn tí ó jáde láti ilé Yahúdí padà sílé pẹ̀lú èso láti oko àwọn aládùúgbò.

Kí ni kí a wá sọ fún àwọn ọmọ wa? Kí a sọ fún wọn pé ìgbàgbọ́ nínú àwọn ìwé tí Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ ṣáájú wà lára òpó ìgbàgbọ́ wa. Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá jáde lẹ́nu Mùsá, lẹ́nu Ísá àti lẹ́nu Muhammadu, kò yẹ kí ó ya ẹni tí ó gbà pé Ọba kan náà ló rán wọn lẹ́nu. Kí a fi hàn wọ́n pé ọ̀rọ̀ tí Tàórátà lò fún dídá ayé ní èdè Hébérù, *bara*, èyí tí ìwé náà kò lò fún iṣẹ́ ẹlòmíràn àfi ti Ọlọ́hun, àti orúkọ Ọlọ́hun Al-Bāri' tí ó wà ní ìparí Súrà Al-Hashr, gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ní. Kí a má fi pamọ́ fún wọn pé ibi tí ọ̀nà ti pín wà, pé ìyàtọ̀ náà kì í sì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ibi tí a ti jọ rìn ni ó lè sọ ibi tí a ti pínyà láìparọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a bá tún ń ka Súrà Yāsīn, tí a sì dé ibi tí ènìyàn ti ń béèrè ẹni tí yóò jí egungun tí ó ti jẹrà, tí a sì dá a lóhùn pé Ẹni tí Ó kọ́kọ́ dá a ni, kí a rántí ìyá Yahúdí náà. Kò gbọ́ Àlùkùránì rí. Ó ti kú ní ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méje lọ kí a tó sọ ọ́ kalẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ ìbànújẹ́ náà ni ohun tí a ń sọ fún ara wa nígbà tí a bá ń sin òkú wa ní ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ilé.

Kí Ọlọ́hun tí Ó dá wa nígbà tí a kò jẹ́ nǹkan kan kó wa jọ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹni rere. Àmín.